Bí Mo Ṣe Kọ Ìtàn Hannes Hafstein ní Èdè Yorùbá

Ìtàn ìgbésí ayé olóṣèlú kan ni mo fẹ́ kọ fún àwọn ọ̀dọ́ tí mo ń kọ́ ní lítíréṣọ̀, ṣùgbọ́n ewì ló mú mi dé ọ̀dọ̀ ẹni náà. Hannes Hafstein ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní Möðruvellir, ní àríwá Íslándì, ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kejìlá ọdún 1861. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 1904 ni ó di mínísítà àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà, tó sì ń ti Reykjavík, olú-ìlú Íslándì, ṣe ìjọba. Kó tó dìgbà yẹn, Copenhagen ní Dẹ́nmárkì ni àṣẹ ti ń wá.

Mo kọ́kọ́ pín ìwé náà sí ọ̀nà méjì, òṣèlú lápá kan, ewì lápá kejì. Nígbà tí mo kà á tán, àfi bíi pé ènìyàn méjì tí kò mọ ara wọn rí ni mò ń ròyìn. Mo tú u ká, mo sì fi ewì rẹ̀ lórí ìjì, èyí tí ó kọ nígbà ọ̀dọ́, síwájú gbogbo rẹ̀.

Ìlà mẹ́rin àkọ́kọ́ ewì yìí gbà mí lákòókò ju gbogbo ìyókù lọ. «Ẹ̀fúùfù» ni mo kọ́kọ́ lò, ṣùgbọ́n ẹ̀fúùfù lè fẹ́ jẹ́jẹ́, ohun tí Hannes sì ń kí kì í ṣe ohun jẹ́jẹ́. Bákan náà ni igi birch tó dárúkọ ṣe mú mi ro ìrókò. Mo kọ̀ ọ́, nítorí ìrókò kì í hù ní Íslándì. Ibi tí mo fi í sí nìyí:

Mo fẹ́ràn rẹ, ìjì, ìwọ tí ò ń jà kiri ilẹ̀,
tí ò ń jí ariwo ayọ̀ dìde nínú igbó tí ewé rẹ̀ le,
tí ò ń ṣẹ́ ẹ̀ka gbígbẹ tó ti jẹrà,
tí igi birch sì ń lágbára sí i bí o ti ń kọjá.

Lẹ́yìn èyí ni mo wá gbé ọdún 1899 kalẹ̀. Nígbà náà, Hannes ni sýslumaður ní Ísafjörður: adájọ́, agbowó-orí àti ọ̀gá ọlọ́pàá nínú oyè kan ṣoṣo, nítorí náà ni mo ṣe ṣàlàyé iṣẹ́ náà dípò kí n pè é ní baálẹ̀. Ọkọ̀ apẹja àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan ń pẹja níbi tí òfin kò gbà ní Dýrafjörður, apá òkun kan tó wọ inú ilẹ̀, Hannes sì bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré pẹ̀lú ọkùnrin márùn-ún láti lọ mú wọn. Àwọn atukọ̀ náà tú okùn àwọ̀n ńlá wọn lé ọkọ̀ kékeré náà lórí, ó sì dojú dé. Mẹ́ta nínú ọkùnrin márùn-ún náà bómi lọ. Orí ló yọ Hannes.

Ọ̀rọ̀ ìjọba kò gùn lọ́wọ́ mi. Ní 1905, àwọn àgbẹ̀ ya wọ Reykjavík láti tako wáyà tẹligíráàfù tí Hannes fẹ́ kó wọlé, síbẹ̀ ní 1906 wáyà náà gba abẹ́ òkun dé Seyðisfjörður ní ìlà-oòrùn Íslándì. Ẹgbẹ́ rẹ̀ fìdí rẹmi nínú ìbò 1908 nítorí àdéhùn pẹ̀lú Dẹ́nmárkì. Ó padà sípò ní 1912. Ragnheiður ìyàwó rẹ̀ kú ní 1913, ó fi ipò sílẹ̀ ní 1914, òun náà sì kú ní oṣù Kejìlá 1922.

Nígbà tí mo ka gbogbo rẹ̀ fún àwọn ọmọ náà, ọ̀kan bi mí bóyá ó ṣì fẹ́ràn ìjì lẹ́yìn ọjọ́ Dýrafjörður. Mo padà lọ tún inú ewì rẹ̀ wò, mo sì fi èyí tí ó kọ láti kí ọ̀rúndún ogún káàbọ̀ kún ìwé náà, níbi tí ó ti sọ pé àkókò ń bọ̀ tí ọgbẹ́ ara ilẹ̀ yóò jinná, tí oko yóò bo pápá aṣálẹ̀, tí igbó tuntun yóò sì hù.