Àríyá Ìwọlé Sáà Tuntun fún Àwọn Ọmọ: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ìdílé ní Ìbàdàn àti Agbègbè Rẹ̀

Nígbà tí ìsinmi gbọọrọ bá ń lọ sópin ní oṣù kẹsàn-án, tí àwọn iléèwé sì ń múra àtiwọlé fún sáà kìíní, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ìbàdàn àti ní àwọn abúlé tó yí i ká, láti Akínyẹlé títí dé Olúyọ̀lé, láti Ìdó títí dé Lágelú, ni ó máa ń fẹ́ kó àwọn ọmọ jọ kí wọ́n jẹ, kí wọ́n mu, kí wọ́n sì ṣeré tẹ́rùn kí wọ́n tó padà sídìí ìwé. Kò sí ohun tó burú nínú èyí. Ohun tó burú ni kí àríyá ọjọ́ kan gbé owó ìwé àti owó bàtà mì, kí ọmọ tó jó ní ọjọ́ Sátidé wá wọ kíláàsì ní ọjọ́ Mọ́ńdè láìní bírò lọ́wọ́. Ìmọ̀ràn ìwé yìí ni pé kí ẹ kọ́kọ́ ra ohun iléèwé tán, kí ẹ sì jẹ́ kí oko àti ẹ̀yìnkùlé yín bọ́ àríyá náà, kí ó jẹ́ ìwọ̀nba ohun tí oko kò lè pèsè nìkan ni ẹ óò fi owó rà.

Ohun iléèwé ni àkọ́kọ́

Bí oṣù kẹjọ bá ti wọlé, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wọ aṣọ àti bàtà iléèwé rẹ̀ ti ọdún tó kọjá wò lójú yín. Ọmọ a máa dàgbà nínú ìsinmi, bàtà tó gbà á ní oṣù keje sì lè ti máa fún un lẹ́sẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rán aṣọ tuntun, ẹ tètè lọ ra aṣọ ní Gbági, kí ẹ sì gbé e fún télọ̀ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì dilẹ̀, nítorí télọ̀ kì í gbọ́ ti ẹnikẹ́ni mọ́ bí ìwọlé bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan. Ní ti ìwé àjákọ, ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè da owó pọ̀ kí ẹnì kan lọ ra á ní dọ́sìnnì ní Agbeni tàbí Ògúnpa, kí wọ́n sì pín in, nítorí owó rẹ̀ máa ń dín sí ti ṣọ́ọ̀bù àdúgbò.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti fagi lé owó ₦3,000 tí wọ́n ń gbà níléèwé ìjọba láti ọdún 2019, ṣùgbọ́n owó ìwé, owó aṣọ àti owó ọkọ̀ ṣì wà lọ́rùn òbí. Àgbẹ̀ ilẹ̀ yìí kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fi èrè oko rán ọmọ níléèwé: nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955, tí Ìbàdàn jẹ́ olú-ìlú ẹkùn náà, owó kòkó wà lára ohun tó gbé e ró.

Ọjọ́, wákàtí àti ibi tí ẹ óò lò

Sátidé tó dára jù kì í ṣe èyí tó kángun sí Mọ́ńdè ìwọlé, bí kò ṣe èyí tó ṣáájú rẹ̀. Àwọn ọmọ ti fi gbogbo ìsinmi sùn pẹ́, wọ́n sì ti fi jí pẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan tó kù lẹ́yìn àríyá ni ẹ óò fi dá oorun wọn padà díẹ̀díẹ̀, kí jíjí ní kùtùkùtù má bàa di ẹkún ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, kí ẹ sì parí ní aago méjì ọ̀sán. Lẹ́yìn ìsinmi òjò ti oṣù kẹjọ, òjò a tún padà tagbáratagbára ní oṣù kẹsàn-án, ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ ni ó sì sábà máa ń rọ̀. Ẹ má ṣe pa kánópì sí bèbè odò tàbí sí ojú àgbàrá, bí ilẹ̀ ibẹ̀ ti wù kó tẹ́jú tó. Ẹni tó rántí àkúnya omi Ògúnpa ti ọdún 1980, tàbí ti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, kò nílò àlàyé lórí èyí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó fẹ̀ tàbí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́sálásí àdúgbò sàn ju pápá gbalasa lọ.

Ohun tí oko ní ní àsìkò yìí

Ẹni tó bá fẹ́ fi adìyẹ tirẹ̀ ṣe àríyá gbọ́dọ̀ ti ra ọmọ adìyẹ bírọ́ílà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méje sí mẹ́jọ ṣáájú, èyí tó túmọ̀ sí pé oṣù keje ni ètò bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá sìn ín lè ra adìyẹ tó ti yé ẹyin tán lọ́wọ́ àgbẹ̀ alábọ́ọ́dé. Ẹran rẹ̀ le díẹ̀, yóò sì pẹ́ lórí iná, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í gani lára, omi ẹran rẹ̀ sì dára fún ìrẹsì. Fún ọmọ 30, adìyẹ ńlá mẹ́ta tí a gé sí ọ̀nà mẹ́wàá mẹ́wàá tó, kíréètì ẹyin kan sì jẹ́ ẹyin 30 gẹ́lẹ́, ẹyin sísè kan fún ọmọ kan. Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tí a kò gbọ́dọ̀ fojú fò dá: adìyẹ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní oògùn kò gbọdọ̀ di jíjẹ, ẹyin rẹ̀ náà kò sì gbọdọ̀ di jíjẹ, títí iye ọjọ́ tí a kọ sára oògùn náà yóò fi pé. Bí ìwé ara rẹ̀ bá ti ya, ẹ bi dókítà ẹran.

Àgbàdo tútù kì í sábà wà ní oṣù kẹsàn-án, nítorí èyí tí a gbìn ní àkọ́rọ̀ òjò ti tán, tí èyí tí a gbìn ní oṣù kẹjọ kò sì tíì gbó. Ẹ lo àgbàdo gbígbẹ fún gúgúrú, àádùn àti ẹ̀kọ. Ẹ̀pà tuntun wà, ó sì dùn ní sísè pẹ̀lú iyọ̀. Awùsá náà ṣì wà lórí igbá. Máńgòrò ti lọ, àgbálùmọ̀ kò tíì dé, ṣùgbọ́n ìbẹ́pẹ, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, gúáfà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kò wọ́n. Ọ̀dùnkún tí inú rẹ̀ pọ́n bí ọsàn dára púpọ̀ fún ọmọ, nítorí ara a máa sọ àwọ̀ náà di fítámìn A tó ń ran ojú lọ́wọ́. Ẹ gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́ kí ẹ dín in, àwọn ọmọ kò sì ní béèrè ohun tí ẹ fi ṣe é.

Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù kò ṣeé yọ kúrò nínú irú àríyá yìí, ẹni tó bá gbìyànjú rẹ̀ yóò rí ojú àwọn ọmọ. Ìwọ̀n ìrẹsì gbígbẹ tó tó 70 gíráàmù fún ọmọ kan tó, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kílò méjì àti díẹ̀ fún ọmọ 30, nítorí ìrẹsì a máa wú. Tòmátì àti ata tí ẹ kò bá ní lóko, ẹ lọ rà á ní ọjà Ṣáṣá ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sì sè é gbẹ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀wà tí ẹ óò fi ṣe mọ́ínmọ́ín àti àkàrà

Mọ́ínmọ́ín ni a bá gbé ṣáájú ìrẹsì bí ó bá jẹ́ tiwa, nítorí ó ń kún ọmọ ní inú, ó sì ń fún un ní èròjà tó ń mú ara dàgbà. Ẹ̀wà funfun tàbí olóyin kò burú, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ti rí i ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn kan nínú àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀wà máa ń da oògùn apakòkòrò sí i lára nínú àpò, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní dichlorvos. Oògùn náà kì í ṣe ti oúnjẹ rárá, àjọ NAFDAC sì fòfin de títà ìgò rẹ̀ kékeré ti mílílítà 100 ní ọdún 2019. Ẹ bu ẹ̀wà díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ ní ọjà Bódìjà kí ẹ tó wọ́n ọn. Bí ó bá ń ta òórùn tó gún imú, ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ̀wà tí kòkòrò ti lu díẹ̀ lára rẹ̀ sàn ju èyí tó dán gbinrin tí ó ń run oògùn lọ.

Àgbẹ̀ tó gbin tirẹ̀ kò nílò oògùn kankan. Ẹ sá ẹ̀wà náà sí oòrùn títí yóò fi gbẹ dáadáa, tó bẹ́ẹ̀ tí eyín bá bù ú yóò ṣẹ́ kẹ̀rẹ̀, kí ẹ dà á sínú àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, kí ẹ so ẹnu ìpele kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ó le. Kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ yóò mí afẹ́fẹ́ tó kù tán, yóò sì kú. Kẹ́ẹ̀gì tó mọ́, tí ó gbẹ, tí a kún dẹ́nu tí a sì dé pa, ṣe irú iṣẹ́ kan náà fún ìwọ̀nba tí ìdílé fẹ́ jẹ.

Ewé eéran ni kí ẹ fi pọ́n mọ́ínmọ́ín náà. Ọ̀rá yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a ṣe fún iná, ewé a sì máa fún mọ́ínmọ́ín ní adùn tí ọ̀rá kò ní.

Ẹ̀pà, àgbàdo àti ọ̀gẹ̀dẹ̀

Ẹ̀pà tàbí àgbàdo tí kò gbẹ dáadáa kí ó tó wọ àpò a máa bu, èbu náà a sì máa tu májèlé kan tí wọ́n ń pè ní aflatoxin sínú rẹ̀. Sísè kò pa á, yíyan kò pa á, dídín náà kò pa á. Májèlé yìí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì ń dí ìdàgbàsókè ọmọdé lọ́wọ́. Àjọ IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó ti wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1967, wà lára àwọn tó ṣe Aflasafe, èyí tí àgbẹ̀ ń fọ́n sí oko kí èbu olóró má bàa ráyè, ẹ sì lè béèrè nípa rẹ̀ fún ọ̀gbìn tó ń bọ̀. Ní ti àríyá yìí, ẹ da ẹ̀pà sórí àwo fẹ̀ẹ̀rẹ̀ kí ẹ ṣà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: èyí tó hunjọ, tó dúdú, tó ní èbu tàbí tó korò lẹ́nu, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ má ṣe fún adìyẹ jẹ. Bákan náà, ẹ má ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ní odindi ẹ̀pà, nítorí ó lè há a lọ́fun, kí ẹ sì ti béèrè lọ́wọ́ òbí kọ̀ọ̀kan bóyá ẹ̀pà tàbí ẹyin kì í bá ọmọ rẹ̀ lára mu.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ara rẹ̀ pọ́n rẹ́rẹ́ tí ìdí rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, tí kò sì ta òórùn kankan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n fi kábáìdì tí àwọn wẹ́dà ń lò mú un pọ́n. Ẹ ra tútù tó ti gbó ní ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ṣáájú, kí ẹ kó o sínú agbọ̀n pẹ̀lú èso kan tó ti pọ́n, kí ẹ sì fi àpò bò ó.

Ohun mímu àti ìmọ́tótó

Sóbò tí a fi òdòdó ìṣápá pupa, ata ilẹ̀ àti èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó sè kò náni ní owó mínírà. Ẹ wẹ òdòdó náà dáadáa, ẹ jẹ́ kí ó hó, ẹ fi asẹ́ tó mọ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì dín ṣúgà kù. Omi kànga tí ẹ óò mu gbọ́dọ̀ hó fún ìṣẹ́jú kan gbáko kí ó tó tutù. Àsìkò òjò ni onígbáméjì máa ń jà, nítorí náà ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì ẹlẹ́nu-ẹ̀rọ àti ọṣẹ sí ẹnu ọ̀nà, kí àgbàlagbà kan jókòó tì í, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fọ ọwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 20 kí ó tó jẹun. Oúnjẹ sísè kò gbọdọ̀ wà ní ìta ju wákàtí méjì lọ bí kò bá sí nínú kúlà tó ń mú un gbóná.

Eré

Ẹ má ṣe gba ẹ̀rọ agbóhùnjáde ńlá. Bojúbojú, ẹkùn mẹ́ran, ten-ten àti suwé kò gba kọ́bọ̀. Bí òjò bá lé wọn wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà kan pa àlọ́ àpamọ̀: òkun ń hó yee, ọ̀sà ń hó yee, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ dáhùn pé ọmọrogùn ni, kí ó gba pẹ́ńsù kan.

Iṣẹ́ kan wà tí a fẹ́ràn ju gbogbo eré wọ̀nyí lọ, èyí ni dídì ìwé. Ẹ kó kàlẹ́ńdà àtijọ́ jọ, irú àwọn ńlá tí ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹgbẹ́ máa ń pín, ẹ yí ojú funfun rẹ̀ síta, kí ọmọ ńlá kan máa gé e, kí kékeré kan máa tẹ ìtẹ̀pọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú rúlà, kí ẹ̀kẹta máa fi ògì tí a pò gbóná lẹ̀ ẹ́. Kí olúkúlùkù kọ orúkọ rẹ̀, kíláàsì rẹ̀ àti iṣẹ́ tí ìwé náà wà fún. Kò ní gba wákàtí kan kí ìwé gbogbo ọmọ tó ní èèpo, òbí tí kò lè ra ti ṣọ́ọ̀bù kò sì ní ná nǹkan kan.

Lẹ́yìn àríyá

Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ti ọ̀dùnkún tí kò tíì bàjẹ́ ṣeé fún ewúrẹ́. Ewé eéran àti eérú èédú, ẹ dà wọ́n sí orí ààtàn tí ẹ óò fi ṣe ajílẹ̀. Mọ́ínmọ́ín tó bá ṣẹ́kù, ẹ pín in fún àwọn ọmọ kí wọ́n gbé e lọ sílé ní gbígbóná, kí ẹ sì sọ fún àwọn òbí pé kí wọ́n jẹ ẹ́ tán láàárín wákàtí méjì bí kò bá sí nínú kúlà. Níbi tí iná mọ̀nàmọ́ná kò bá dúró tó láti mú fíríìjì tutù, mọ́ínmọ́ín ọjọ́ Sátidé kò gbọdọ̀ di oúnjẹ ọjọ́ Sunday.