Àwọn àṣìṣe tó ń jẹ́ kí dáṣíbọ́ọ̀dù fi ọjà àná hàn bí ọjà òní

Màmá kan wà ní Ìbàdàn tí wọ́n ń ta sìmẹ́ńtì àti irin ìkọ́lé. Ẹ̀ka mẹ́ta ni wọ́n ní, èmi ni mo sì ṣe dáṣíbọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń wo iye àpò tó kù ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lórí fóònù wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, wọ́n rí i níbẹ̀ pé 640 àpò ló wà ní Bódìjà. Wọ́n gba owó 500 àpò lọ́wọ́ kọngílá kan, wọ́n ní kó gbé ọkọ̀ wá. Nígbà tí ọkọ̀ dé, àpò tó wà nílẹ̀ kò ju 70 lọ. Wọ́n ti ta ìyókù ní ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta. Láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni nọ́ńbà ojú dáṣíbọ́ọ̀dù ti dúró sójú kan.

"Ọmọ mi, ṣebí ìwọ lo ní ó ń yí padà fúnra rẹ̀?" Ohun tí wọ́n bi mí nìyẹn. Mi ò rí èsì fọ̀.

Bí tẹlifísọ̀n bá kú, ojú rẹ̀ á ṣú, gbogbo ilé á sì mọ̀. Ti dáṣíbọ́ọ̀dù kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè ti dúró láti ọjọ́ mẹ́ta, kí àwọ̀ rẹ̀ ṣì máa dán, kí nọ́ńbà rẹ̀ ṣì tò bó ṣe yẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé èyí tó dúró láìsọ burú ju kí ènìyàn má ní rárá lọ. Ẹni tí kò ní dáṣíbọ́ọ̀dù á kọ́kọ́ pe ṣọ́ọ̀bù kó tó gba owó lọ́wọ́ oníbàárà.

Má ṣe gbé e kalẹ̀ láìkọ aago sí i

Aago méjì ló wà, àwọn ènìyàn sì máa ń da méjèèjì pọ̀. Èkíní ni ìgbà tí ẹ̀rọ lọ kó dátà wá. Èkejì ni ìgbà tí wọ́n kọ títà tó kẹ́yìn sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ lè lọ ní aago 7 àárọ̀, kó padà dé láyọ̀, kó sì kọ ọ́ pé iṣẹ́ ti parí, nígbà tó jẹ́ pé akọ̀wé ẹ̀ka yẹn ti ń ṣàìsàn láti ìjẹta, tí kò sì sẹ́ni tó tẹ nǹkan kan sínú ìwé. Ẹ̀rọ kò purọ́. Kò rí nǹkan tuntun kó wá ni.

Nítorí náà, aago kejì ni kó o gbé síwájú. Mú ọjọ́ àti aago tó kẹ́yìn nínú àkọsílẹ̀ títà, kó o sì kọ ọ́ sókè gàdàgbà. Má sì kọ ẹyọ kan ṣoṣo fún gbogbo ilé-iṣẹ́. Bí ẹ̀ka Dùgbẹ̀ bá ń tajà ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, aago tirẹ̀ á bo Bódìjà tó ti dákẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìlà tirẹ̀.

Má ṣe so gbogbo rẹ̀ mọ́ láápútọ́ọ̀pù ẹnì kan

Power BI, irinṣẹ́ Microsoft tí wọ́n fi ń ṣe dáṣíbọ́ọ̀dù, ni mo lò fún màmá. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, ṣùgbọ́n inú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù ni àkọsílẹ̀ ọjà wà. Gateway ni afárá tó so méjèèjì pọ̀, mo sì fi í sórí láápútọ́ọ̀pù olùṣirò owó wọn. Mo tò ó kó máa kó dátà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́: aago 7 àárọ̀, 11, 3 ọ̀sán, àti 7 alẹ́. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, olùṣirò owó pa láápútọ́ọ̀pù rẹ̀ dé, ó gbé e dání lọ sí ìsìnkú ní Òṣogbo.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ló kàn. Bí Power BI bá kùnà lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra, á pa ètò ìsọdọ̀tun náà, ìyẹn ètò tó ń kó dátà tuntun wá, fúnra rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì nìkan ti tó. Olùṣirò owó padà dé ní ọjọ́ Ajé, ó tan ẹ̀rọ rẹ̀, afárá tún dúró ṣánṣán, síbẹ̀ nǹkan kan kò gbà á kọjá, nítorí ètò ti kú. Ìkìlọ̀ wọlé o. Ímeèlì tí mo ṣí fún iṣẹ́ yẹn nìkan ló wọlé sí, mi ò sì í ṣí i wò.

Bí gateway bá di dandan, kọ̀ǹpútà tí kì í kúrò lójú kan ni kó o fi sí, kó wà lórí ínfátà, kó o sì pa á láṣẹ pé kó má sùn. Má ṣe lo irú tí wọ́n pè ní personal mode fún iṣẹ́ ọjà, torí ó ń fẹ́ kí ẹni tó fi í síbẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ náà. Bí ilé-iṣẹ́ bá sì jẹ́ èyí tí wọn kì í tan jẹnẹrétọ̀ títí aago 8 fi lù, kí lo fẹ́ kí ètò aago 5 ìdájí rí kó? Bó bá jẹ́ inú fáìlì Excel ni àkọsílẹ̀ wà, ohun tó rọrùn jù ni kó o gbé e lọ sórí OneDrive ilé-iṣẹ́, ibi tí Microsoft ti ń tọ́jú fáìlì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó o má nílò afárá mọ́. Ímeèlì ìkìlọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí ọjà kàn.

Má ṣe gbà pé Google Sheets kì í sùn

Ẹni tó ń lo Google Sheets, ìwé ìṣirò Google tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ní wàhálà iná mànàmáná, ṣùgbọ́n ó ní tirẹ̀. Fọ́múlà IMPORTRANGE, tó ń fa dátà láti inú ìwé kan sínú òmíràn, wákàtí kọ̀ọ̀kan ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, nígbà tí ìwé náà bá sì wà ní ṣíṣí ni. Bó o bá wá gbé Looker Studio, irinṣẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ti Google, lé e lórí, tìyẹn ń dúró ìṣẹ́jú 15 kó tó tún wo Sheets. Bó bá jẹ́ BigQuery, ibi tí Google ń kó dátà ńláńlá sí, ló ń wò, wákàtí 12 ni, àyàfi tó o bá yí i. Ìdádúró kan ń gun orí òmíràn. Ka gbogbo rẹ̀ pọ̀ kó o tó sọ fún ọ̀gá pé "lójú ẹsẹ̀" ni.

Àwọn tó gbọ́n máa ń kọ Apps Script, ìyẹn kóòdù kékeré tó ń bá Sheets ṣiṣẹ́, tí aago ń jí. Ó dára. Ṣùgbọ́n àkáǹtì ẹni tó kọ ọ́ ló fi ń ṣiṣẹ́. Bí ọmọ iṣẹ́ yẹn bá fi ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì pa àkáǹtì rẹ̀ rẹ́, ètò náà á bá a lọ. Àkáǹtì ilé-iṣẹ́ ni kí ẹ fi dá a sílẹ̀.

Àwọn kékeré tó kù: bí ẹnì kan bá yí orí òpó "Iye" padà sí "Iye owó", ìsọdọ̀tun lè kùnà lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí náà ti àwọn orí òpó pa. TODAY, fọ́múlà tó ń sọ ọjọ́ òní, nínú Power BI orí íntánẹ́ẹ̀tì ń tẹ̀lé aago àgbáyé tí wọ́n ń pè ní UTC, èyí tí Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú. Láti aago 12 òru sí aago 1, àná ni "òní" rẹ̀ ṣì jẹ́. Ẹni tó ní ilé oògùn tí kì í tì lóru á rí i nínú ìṣirò rẹ̀.

Lórí dáṣíbọ́ọ̀dù màmá báyìí, ìlà mẹ́ta ló wà lókè pátápátá, ọ̀kan fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Ìlà tó bá ti lo wákàtí mẹ́rin láìsí títà tuntun ní àkókò ọjà á pọ́n. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ti Bódìjà pọ́n. Màmá pè wọ́n. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní íntánẹ́ẹ̀tì ti lọ láti àárọ̀, ó sì lọ ka àpò tó kù fún wọn. 212 ni. 305 ni dáṣíbọ́ọ̀dù fi hàn.