Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ìwé Àtijọ́ Tí Àlùfáà Fi Sílẹ̀

Ìwé kò ṣàjèjì sí ilé àlùfáà ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Bowen, ajíyìnrere Onítẹ̀bọmi, dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855, ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tó ṣe sì jáde ní 1858. Samuel Johnson ń ṣe pásítọ̀ lọ́wọ́ ní Ọ̀yọ́ nígbà tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Bí àlùfáà àgbà bá sùn nínú Olúwa, tí àpótí ìwé rẹ̀ wà nílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má pè é ní tákàdá lásán. Ohun tí ẹni tó ni ìwé fọwọ́ kọ síbẹ̀ níye lórí tó ohun tí wọ́n tẹ̀, nígbà mìíràn ó tún jù ú lọ.

1. Kí ẹ tó gbé ohunkóhun, ẹ ya fọ́tò àpótí náà bó ṣe wà. Ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lè jẹ́ èyí tí bàbá ń lò pọ̀ fún ìwàásù. Tí ẹ bá dà wọ́n rú, ẹ̀rí yẹn ti lọ. Ẹ gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà sí i, ẹ fi há inú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹ má lo bírò, kò ṣeé pa rẹ́.

2. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: nọ́ńbà, òǹkọ̀wé, àkọlé, ìlú àti ilé ìtẹ̀wé, ọdún, gíga rẹ̀, orúkọ tó wà nínú rẹ̀, ibi tó ti bàjẹ́. Tí òǹtẹ̀ ìjọ bá wà lára ìwé, ẹ bi ìjọ kí ẹbí tó pín in.

3. Ẹ wá ohun tí ẹni tó ni ìwé fọwọ́ kọ. Ẹ wo ewé àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn, ẹ wo etí ojú ìwé. Tí ẹ bá rí lẹ́tà tàbí bébà ìwàásù nínú rẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà ojú ìwé tó wà sílẹ̀ kí ẹ tó yọ ọ́ sínú àpòòwé.

Ibí ni àṣìṣe pọ̀ sí. Wọ́n lè ní Johnson ló fọwọ́ sí ìwé ìtàn Yorùbá tó wà nílé. Kò lè rí bẹ́ẹ̀: ó kú ní 1901, àbúrò rẹ̀ Obadiah ló tún un kọ lẹ́yìn tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ sọnù, 1921 ló sì jáde. Bíbélì tí wọ́n ní Ajayi Crowther fi ta bàbá bàbá lọ́rẹ ńkọ́? Tí ọdún ìtẹ̀wé bá kọjá 1891 tí Crowther kú, irọ́ ni. Tí ọdún bá pọ̀ lẹ́yìn ojú ewé àkọlé, èyí tó kẹ́yìn ni ti ẹ̀dà ọwọ́ yín. Ẹ má fi “aiye” àti “enia” nìkan dájọ́ pé ìwé ti gbó, nítorí àtúntẹ̀ Bíbélì ṣì ń lo àkọtọ́ yẹn.

4. Ẹ nu eruku níta pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, kí ìwé wà ní pípadé, kí ẹ sì bo imú. Ẹ má sá a sóòrùn. Oòrùn ń sọ tákàdá di pupa, ó sì ń gbẹ ẹ́ títí tí yóò fi máa rún. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó ya: gọ́ọ̀mù rẹ̀ yóò di àbàwọ́n.

Tí kòkòrò bá wà nínú rẹ̀, ẹ fi ọ̀rá méjì dì í pinpin, ẹ gbé e sínú fírísà ní ìwọ̀n −18°C fún ọjọ́ 14. Iná tó ń lọ ni ìṣòro wa. Tí yìnyín bá ti yọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ kíka ọjọ́ lákọ̀tun. Nígbà tó bá jáde, ẹ fi sílẹ̀ nínú ọ̀rá fún wákàtí 24, kí omi má baà lẹ̀ mọ́ ìwé.

5. Ẹ gbé pẹpẹ ìwé kúrò lára ògiri àti ilẹ̀, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹ lè rí ojú ọ̀nà ikán. Lásìkò òjò, ìwé ń bu bí afẹ́fẹ́ kò bá yí i ká.

6. Ẹ má tú wọn ká. Ìwé John Moore, bíṣọ́ọ̀bù Ely ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà pa pọ̀ títí dòní ní Cambridge nítorí ọba George Kìíní ra gbogbo rẹ̀, ó sì fi ta yunifásítì náà lọ́rẹ ní 1715. Ẹ lè bá ilé ìkàwé sẹ́mínárì Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ti ìjọ yín sọ̀rọ̀. Ẹ kọ ìwé àdéhùn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pín wọn, kí olórí ẹbí àti aláṣẹ ilé ìkàwé fọwọ́ sí ẹ̀dà méjì, kí ẹ so àkọsílẹ̀ yín mọ́ ọn, kí ẹbí sì mú ẹ̀dà kan.