Àṣìṣe tó ń ba ìfẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì jẹ́ lẹ́yìn ikú ọkọ tàbí aya

Iṣẹ́ alága ìjókòó ni mò ń ṣe ní Ṣàgámù. Wọ́n ń pè mí lọ sí Ìpẹru, Ìkẹ́nnẹ́, títí dé Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìnáwó àwọn ọmọge nìkan là ń ṣe, àmọ́ àwọn àgbà náà ń fẹ́ra, pàápàá àwọn tí ikú ti mú ọkọ tàbí aya wọn lọ. Kì í ṣe tèmi láti sọ bóyá ó yẹ kí wọ́n tún fẹ́ ẹlòmíì. Ó yẹ, tó bá ti wù wọ́n. Ohun tí mo rí ni pé ibi kan náà ni ọ̀rọ̀ wọn ti máa ń wọ́: wọ́n á fi ṣe bòńkẹ́lẹ́. Wọ́n á fi pamọ́ fún ọmọ, fún àna, fún lọ́yà, nígbà míì fún ẹni tí wọ́n fẹ́ fẹ́ gan-an.

Jíjẹ́ kí aráàlú dá ọjọ́ fún yín

"Kò tíì pẹ́ tó" ni ọ̀rọ̀ tí opó máa ń gbọ́ jù. Ẹ̀sìn kúkú ti sọ tirẹ̀. Obìnrin Mùsùlùmí tí ọkọ rẹ̀ kú á wà nínú ìddà, ìyẹn àkókò tí kò gbọ́dọ̀ tíì fẹ́ ẹlòmíì, fún oṣù 4 àti ọjọ́ 10. Tó bá lóyún, ó di ìgbà tó bá bí. Kùránì, Súrà 2, ẹsẹ 235, tiẹ̀ gba ọkùnrin láyè kó ta á lólobó pé ọkàn òun ń fà sí i, àmọ́ kò gbà kí wọ́n bára wọn ṣàdéhùn ní ìkọ̀kọ̀, kò sì gbà kí wọ́n so yìgì kó tó pé. Àwọn onígbàgbọ́ ní 1 Kọ́ríńtì 7:39: bí ọkọ bá ti kú, obìnrin lómìnira láti fẹ́ ẹni tó wù ú, nínú Olúwa ṣá. Ta ló wá fi ọdún márùn-ún lé e? Ẹni tó ń ka ọdún yẹn fún yín kò sí nílé yín lóru.

Ti ọkùnrin ni kì í ní gbèdéke kankan, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n máa kán wọn lójú.

Fífẹ́ ìyàwó nítorí ọbẹ̀

Bí ìyàwó bá kú, kí wọ́n tó kó kánópì kúrò níta làwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ á ti máa béèrè pé, "Ta ni yóò máa se oúnjẹ fún un?" Láìpẹ́ wọ́n á mú ẹnì kan wá láti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí láti ìlú kejì. Bàbá ò mọ̀ ọ́n, òun náà ò mọ bàbá. Bó bá jẹ́ oúnjẹ nìkan ló kù sílẹ̀, ẹ wá ẹni tí ẹ ó máa sanwó fún kó máa sè é. Obìnrin tí wọ́n fẹ́ nítorí ọbẹ̀ máa ń mọ̀, ọbẹ̀ yẹn náà ni wọ́n sì máa fi dá a lẹ́jọ́.

Mo wà nílé kan rí ní Ìjẹ̀bú-Òde tí ìyàwó tuntun gbé ìkọ́kọrẹ́ síwájú ọkọ. Ó ti rin ewùrà rẹ̀ kúnná, ẹja wà níbẹ̀, edé wà níbẹ̀, epo ń dán lójú rẹ̀. Bàbá fi ṣíbí rú u lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ti ìyá Bọ́lá kì í ṣàn báyìí." Kò fi ṣe èébú o. Àmọ́ obìnrin yẹn kò bá a jókòó jẹun mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ẹlòmíì wà lódìkejì: kò fẹ́ gbọ́ orúkọ òkú rárá. Á ní kí wọ́n já fọ́tò kúrò lára ògiri, kí ọkọ má lọ síbi ìrántí ọdún. Ẹ má ṣe é. Òkú kì í báni du ọkọ. Ẹ bá wọn lọ síbi ìrántí náà, kẹ́ ẹ wọ aṣọ tí gbogbo ẹbí wọ̀, kẹ́ ẹ bá wọn gbé àwo oúnjẹ. Àwọn ọmọ á rántí rẹ̀ ju ẹ̀bùnkẹ́bùn lọ.

Jíjẹ́ kí ọmọ gbọ́ ọ níta

Àṣìṣe tó burú jù nìyí. Bàbá tàbí ìyá á máa rò pé òun ń dáàbò bo àwọn ọmọ. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n ronú." Ìlú wa yìí sì nìyí! Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà Ojúde Ọba, gbogbo ayé ló ń wá sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀yin àti "ọ̀rẹ́" á jókòó sábẹ́ àtíbàbà kan náà, gèlè òun àti fìlà yín á bára mu, ẹnì kan á sì ya fọ́tò. Kẹ́ ẹ tó délé, fọ́tò ti dé orí WhatsApp ọmọ yín ní Kánádà. Inú tó máa bí i kì í ṣe nítorí pé ẹ fẹ́ ẹlòmíì. Ó máa bi ara rẹ̀ pé láti ìgbà wo ni gbogbo ayé ti mọ̀ tí wọ́n ń fi òun ṣe ọ̀dẹ̀.

Àkọ́bí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ fún, lójúkojú, ẹ̀yin méjèèjì péré, kẹ́ ẹ tó sọ fún pásítọ̀ tàbí àlùfáà. Ẹ má gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ kàn fi tó o létí. Ẹ má sì mú ẹni náà dání lọ́jọ́ yẹn. Bí inú bá bí i, ẹ jẹ́ kó bí i. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń padà pè láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ìbéèrè àkọ́kọ́ á sì jẹ́ nípa ilé. Fáwọn ọmọ kéékèèké, ẹ má fipá mú wọn pé kí wọ́n máa pe àlejò ní "mọ́mì". Àǹtí tó.

Ọ̀rọ̀ ẹrù ìyá wọn ńkọ́? Ẹ jẹ́ káwọn ọmọbìnrin kó o kí ìyàwó tuntun tó wọlé. Àpótí aṣọ òkè, ìlẹ̀kẹ̀, ìkòkò, àní ọlọ. Ní ilé kan ní Rẹ́mọ, ọmọbìnrin kan wá kí bàbá rẹ̀ láti Èkó, ó bá ìyàwó tuntun ní ẹ̀yìnkùlé tó ń fi ọlọ ìyá rẹ̀ lọ ata. Ọlọ tí ìyá náà gbà lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀. Obìnrin yẹn ò mọ̀, wọ́n ní kó lọ ata, ó sì ń lọ ọ́. Ọmọ náà dúró kí ata kúnná, ó bu omi ṣàn án, ó gbé ọlọ àti ọmọ ọlọ sínú búùtù ọkọ̀, ó padà s'Ékòó láìjẹun. Ọdún méjì ló fi bínú sí ìyàwó bàbá rẹ̀. Bàbá ló sì yẹ kó ti gbé e fún un.

Gbígbé ọkọ tuntun wọ ilé ọkọ tó kú

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Lọ́dún 1957, ní ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà nígbà náà sọ ọ́ pé lábẹ́ àṣà Yorùbá, aya kì í jogún ọkọ. Àwọn ọmọ ló ń jogún. Nítorí náà, bó bá jẹ́ àṣà ìbílẹ̀ lẹ fi ṣègbéyàwó, tí bàbá ò sì kọ ìwé ìhágún, ọmọ ló ni ilé tẹ́ ẹ wà yẹn. Bí ọkùnrin mìíràn bá wá ń wẹ̀ ní balùwẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀, àwọn ẹbí ọkọ tí wọn ò wá kí yín láti ọjọ́ ìsìnkú máa ya dé. Ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ ni wọ́n á fi bojú, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ẹ lọ sílé rẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ jọ gba ilé.

Ìbẹ̀rù ilé yìí kan náà ló ń mú káwọn kan gbà fún àbúrò ọkọ. Ṣíṣú opó ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, mi ò sì ní kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbà á má ṣe é. Àmọ́ ẹ má fẹ́ àbúrò ọkọ nítorí yàrá méjì.

Ìwé

Ẹ gba ìwé ẹ̀rí ikú ẹni àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ NPC, àjọ ìjọba tó ń ka iye èèyàn. Bí ẹ bá fẹ́ lọ sí kóòtù ìgbéyàwó, wọ́n á béèrè rẹ̀. Ẹni tó ti kọ ìwé ìhágún tẹ́lẹ̀, kó mọ̀ pé ìgbéyàwó ti kóòtù máa ń sọ ìwé àtijọ́ di asán. Ti ìbílẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ bá lọ́yà kọ òmíràn, kẹ́ ẹ sì kọ ìpín àwọn ọmọ àkọ́kọ́ síbẹ̀ kedere. Ẹ má sì rò pé kíkọ orúkọ ẹni sí next of kin ní báǹkì ti parí ọ̀rọ̀. Ìyẹn kò sọ ẹni náà di ẹni tó ni owó. Báǹkì ṣì máa ní kí wọ́n lọ gba ìwé àṣẹ ní ilé ẹjọ́.

Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò pọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì lè bímọ, ẹ wo jẹ́nótáìpù.

Olólùfẹ́ inú fóònù

Á ní dókítà ọmọ ogun Amẹ́ríkà lòun, ìyàwó òun náà ti kú, ọmọ kan lòun ní. Kì í gbà kẹ́ ẹ rí òun lórí fídíò. Nígbà tó bá yá, ó ti fi ẹ̀bùn ránṣẹ́, kọ́sítọ́ọ̀mù ti dá a dúró ní pápákọ̀ òfuurufú, kẹ́ ẹ san owó sí àkáǹtì ẹnì kan báyìí. Kọ́sítọ́ọ̀mù kì í gbowó sí àkáǹtì ẹnikẹ́ni. Ohun tó yẹ kó fu yín lára jù ni pé á ní kẹ́ ẹ má tíì sọ fáwọn ọmọ.

Ọjọ́ ìnáwó

Ẹbí bàbá yín ló ń fà yín fọ́kọ, kì í ṣe ẹbí ọkọ àkọ́kọ́. Àmọ́ ẹ rán àgbà kan sí wọn ṣáájú, kí wọ́n má gbọ́ ọ lẹ́nu onígbàjámọ̀. Mo ti rí àna àtijọ́ tó wá jó, tó sì náwó fún ìyàwó. Èmi ò sì fara mọ́ ìnáwó rẹpẹtẹ níbi irú èyí. Ogún èèyàn tó mọ̀ yín dáadáa tó.

Àwọn alága ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin náà jọ̀ọ́: ẹ má ní kí ọkọ ìyàwó ẹni ọdún 66 dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àbúrò ìyàwó tí kò ju ẹni 40 lọ. Orúnkún ò gbà á mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wò ó. Tèmi, mo máa ń ní kó jókòó sórí àga, kó ṣí fìlà, kó tẹrí ba. Owó ìdọ̀bálẹ̀ ṣì dúró o. Kí ẹni kan kó o sínú àpòòwé, kó gbé e wá fún alága.