Ẹ̀rọ Afẹ́fẹ́ fún Páìpù Àwọn Ọmọ Wa Lókè Òkun

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, mo kí yín o. Níwọ̀n ìgbà tí ọmọ ọ̀pọ̀ nínú wa ti di onílé ní Kánádà, ó yẹ kí n mẹ́nu ba ohun kan tí àwa tí a ń gbé Abẹ́òkúta kì í ronú kàn, nítorí ọyẹ́ tiwa kò lè sọ omi di yìnyín. Lọ́hùn-ún, omi tí ó bá dì máa ń fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100, òun ló sì ń bẹ́ páìpù ọgbà àti ti adágún ìlúwẹ̀ẹ́, àfi bí wọ́n bá ti fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ (air compressor) lé omi jáde kí òtútù tó dé.

Bí ọmọ yín bá fẹ́ ra ẹ̀rọ náà, kí ó má wo agbára tí ó fi ń ti afẹ́fẹ́, èyí tí wọ́n ń fi psi wọ̀n, nìkan. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ó ń tú jáde ní ìṣẹ́jú kan, tí wọ́n ń kọ CFM sí, ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń fẹ́ táyà ọkọ̀ lè ní agbára púpọ̀, síbẹ̀ bí ẹni ń fi ẹnu fẹ́ná igi tútù ló máa rí nínú páìpù gígùn. Kí ó má kọjá 80 psi fún páìpù PVC ti ọgbà, tàbí 50 fún páìpù rọ́bà dúdú tó rọ̀. Kí ó máa fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, kí ó máa sinmi, títí ẹnu páìpù yóò fi máa tú ìkùukùu dípò omi, kí ó má sì gbé ojú sún mọ́ ibẹ̀.

Lójú tèmi, ẹni tí ó ń lò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kàn lè yá ẹ̀rọ ńlá lò.