Bí a ṣe ń yọ ìdílé kúrò nínú gbèsè ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀

Ẹni tó ń san gbọ́mú-lé-láńtà lọ́jọ́ Ajé, tó tún ń san òmíràn lỌ́jọ́rú, owó kẹta kọ́ ló kàn. Ìwé kékeré kan àti bírò ló kàn, àti ẹni tí yóò fara balẹ̀ bá a ṣírò.

Àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí tọkọtaya jókòó pọ̀, kí wọ́n ka gbogbo gbèsè: ẹni tí wọ́n jẹ, iye tó kù, ọjọ́ ìsanwó, onídùúró. Ẹ béèrè ọjà àwìn àti owó tí wọ́n yá lórí fóònù pẹ̀lú. Ẹ má bá wọn wí o. Ẹni tí ojú bá ń tì yóò fi ẹyọ kan pamọ́, ẹyọ yẹn gan-an ni yóò sì da ìṣirò rú.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tú èlé wò. Ká ní wọ́n yá ₦100,000, tí wọ́n ń san ₦5,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24. ₦120,000 nìyẹn. Bí ayánilówó bá ti yọ ₦10,000 sílẹ̀ bí owó ìpamọ́, ₦90,000 ló dé ọjà. Ní ọ̀sẹ̀ kejìlá wọ́n ti dá ₦60,000 padà, síbẹ̀ èlé tí ayánilówó bù lé odindi ₦100,000 ni wọ́n ṣì ń san.

Kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó yíyá kankan, ẹ kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ibí ni àṣírí máa ń tú. Alátòmátì ra apẹ̀rẹ̀ kan ní ₦40,000, ó tà á ní ₦46,000, ó san ₦1,500 owó ọkọ̀: ₦4,500 ni èrè. Bí ilé bá ná ₦6,000 nínú ẹ̀, ₦1,500 ojú owó ọjà ni wọ́n fi se ọbẹ̀ yẹn.

Gbèsè tó ń gun orí ara rẹ̀ lójoojúmọ́, bíi ti fóònù, ni kí wọ́n kọ́kọ́ pa. Bí ayánilówó bá ń bú wọn lójú àwọn ojúlùmọ̀, FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ni kí wọ́n fẹjọ́ sùn. Lẹ́yìn náà, èyí tó kù díẹ̀ jù. Bí ọ̀kan bá ti tán, owó tí wọ́n ń san síbẹ̀ ni kí wọ́n gbé lé òmíràn. Bí ọ̀sẹ̀ kan yóò bá le, kí wọ́n lọ sọ fún àwọn ará ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ yá owó kí ọjọ́ tó pé, torí àpò àwọn yẹn ni owó náà yóò ti jáde.

Ìgbà yìí ni alájẹṣẹ́kù kàn. Ẹ béèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, oṣù mélòó ni wọ́n ń dá kí wọ́n tó lè yá (oṣù mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń sọ), àti ìlọ́po mélòó owó tí wọ́n dá ni wọ́n lè yá. Ẹni tí kò lè mú owó oṣù dúró, kó máa fún alájọ lójoojúmọ́. Dídá ọjọ́ kan lóṣù ni owó iṣẹ́ alájọ. Owó àkọ́kọ́ tí wọ́n bá yá lẹ́gbẹ́, ọjà ni kó lọ, kì í ṣe aṣọ ẹbí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ wọn sọ́nà, ẹ má ṣe onídùúró wọn. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣe é, wọn ò ní ṣí ìwé yẹn níwájú yín mọ́.