Bí a ṣe ń fún ọlọ́wọ́ iṣẹ́ ní orúkọ tó bá ọwọ́ rẹ̀ mu

Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá kọ ọ̀rọ̀ ìyìn fún ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ kan, ìbáà jẹ́ níbi fírídọ̀ọ̀mù àwọn ọmọṣẹ́ ní Nyanya tàbí níbi ìpàdé àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ní Kubwa, níbí ní Abuja, ẹ má tíì mú bírò. Ẹ kọ́kọ́ lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ jókòó, kí ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Wákàtí kan tó. Ìwé ológójì ewé àti pẹ́ńsùlù ni mo máa ń mú lọ. Bí a bá gbé fóònù jáde, oníṣẹ́ á máa ṣe bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní rìn bó ṣe máa ń rìn mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi ẹni méjì: ọmọṣẹ́ tó ti pẹ́ jù lọ́dọ̀ rẹ̀, àti oníbàárà tó ti bá a jà rí tó sì tún padà wá. Ẹni tó padà wá lẹ́yìn ìjà mọ ohun tó ń wá bọ̀. Ẹ má bi ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀. Ìfẹ́ á ti bo iṣẹ́ mọ́lẹ̀.

Ó wá ku orúkọ tí ẹ máa pè é. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, ẹ jẹ́ ká pẹ́ níbẹ̀.

Mo wà níbi fírídọ̀ọ̀mù kan ní Mararaba lọ́jọ́ kan. Ẹni tó di máíkì mú fẹ́ yin ìyá télọ̀ tó ti kọ́ ọmọṣẹ́ tó lé ní ogún. Ó gbóhùn sókè: “Ògbólógbòó télọ̀ ni màmá yìí!” Àwọn ọ̀dọ́ pàtẹ́wọ́. Àwọn àgbà ò pa tiwọn. Màmá náà sorí kọ́, ó ń fi ìka tẹ etí gèlè rẹ̀ bíi pé gèlè ọ̀hún fẹ́ tú. Ta là ń pè ní ògbólógbòó? Olè ni, adigunjalè ni, ẹni tó ti gbó sínú ìwà ibi ni. Ẹni tó sọ ọ́ ò ní èrò burúkú lọ́kàn. Ìró ọ̀rọ̀ náà ló jọ ògbóǹtarìgì létí rẹ̀, ló bá gbé e. Ọ̀rọ̀ ló ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ náà ló ń yọ ọfà lápó.

Ògbóǹtarìgì gan-an, ẹ rọra lò ó. Ẹni tí gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú iṣẹ́ gbà fún ló ni ín. Ẹ sì jẹ́ kí orúkọ iṣẹ́ tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: ògbóǹtarìgì káfíńtà, ògbóǹtarìgì agbẹ́gilére. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò dá rere mọ̀ yàtọ̀ sí búburú, nítorí a máa ń gbé e ṣíwájú ọ̀daràn náà.

Ọ̀jáfáfá ń sọ nípa ọwọ́ tó yá àti ojú tó mọ́lẹ̀. Ọ̀dọ́ ló yẹ. Bí ẹ bá pe bàbá bíríkìlà ẹni àádọ́rin ọdún ní ọ̀jáfáfá, ẹ ti sọ ọ́ di ọmọṣẹ́. Àgbà ọ̀jẹ̀ ni ti irú wọn. Inú agbo eégún lọ̀rọ̀ náà ti wá, níbi tí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ti jẹ́ ọ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́. Àmọ́ bí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ bá ṣì wà láyé, tó jókòó sínú gbọ̀ngàn, ẹ fi àgbà ọ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀gá náà.

Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni mo fẹ́ràn jù, torí ó ṣàlàyé ara rẹ̀: ó kọ́ iṣẹ́, ó sì mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ẹnikẹ́ni ò kọ́, tó kàn ń ṣe é bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn ni ẹlẹ́bùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe sọ fún ẹni tó fi ọdún mẹ́fà sin ọ̀gá pé ẹ̀bùn ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ ti gbé ọdún mẹ́fà náà mì.

Gbajúmọ̀ àti ìlúmọ̀ọ́ká ò sọ nǹkan kan nípa ọwọ́. Ojú tó mọ ènìyàn ni wọ́n ń kà. Ìyá onídìrí kan wà ní kọ̀rọ̀ kan ní Karu, àwọn tó mọ̀ ọ́n ò ju ogójì lọ, síbẹ̀ n kò tíì rí ẹni tó dirun bíi tirẹ̀. Ọ̀mọ̀wé àti Ọ̀jọ̀gbọ́n ńkọ́? Oyè yunifásítì ni wọ́n, ẹ má fi tọrẹ. Ohun tó yẹni ló yẹni, okùn ọrùn ò yẹ adìẹ.

Ẹ fi owó ogún náírà dán ara yín wò. Ladi Kwali ló wà lẹ́yìn rẹ̀, amọ̀kòkò ọmọ Gbagyi láti Kwali tó wà lágbègbè Abuja wa níbí. Ọwọ́ mọ̀lẹ́bí ló ti kọ́ ìkòkò mímọ, kó tó dé ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò tí Michael Cardew, amọ̀kòkò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ ní Suleja, tó ń jẹ́ Abuja láyé ìgbà náà. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tọ́ sí i. Ọ̀mọ̀wé náà tọ́ sí i, torí Yunifásítì Ahmadu Bello, Zaria, fi oyè náà dá a lọ́lá ní 1977. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ kọ ọ́, ohun tí màá kọ nìyí: “Ìkòkò dúró, òun ló ń yí i po, tó ń fi amọ̀ tó lọ́ bí okùn lé ara wọn.” Bí àwọn obìnrin Gbagyi ṣe ń mọ̀ ọ́n gan-an nìyẹn, ẹni tó bá gbọ́ ọ á rí i.

Torí náà, orúkọ ńlá kan ṣoṣo fún ẹnì kan, kí ìyókù jẹ́ ìṣe. Èdè wa ò ṣaláìní in: ó mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó, iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ń fi abẹ́rẹ́ dárà. Fún màmá Mararaba yẹn, nígbà tó kàn mí lọ́dún kejì, mo kọ pé kì í fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára aṣọ òkè. Ó máa ń ṣẹ́ ẹ po, á fi èékánná àtàǹpàkò fà á lẹ́ẹ̀kan, á sì gé e tọ ibi tí èékánná gbà.

Bí àwọn Hausa bá wà níjókòó, ẹ fi “gwani” kan sí i. Ohun tí wọ́n ń pe ọ̀gá nínú iṣẹ́ nìyẹn, wọ́n sì tún fi ń ṣe oyè fún ẹni tó mọ Kùránì dunjú. Ẹ̀ẹ̀kan péré tó.

Títẹ̀ ẹ́ ò le. Ẹ sáà rí i pé àmì ohùn pé. Gboard, àtẹ ìtẹ̀wé orí fóònù, ní Yorùbá nínú; ẹni tí kò bá ní in lórí fóònù, kó tẹ̀ ẹ́ lásán, kó wá fi bírò dúdú fi àmì sí i lẹ́yìn tó bá ti jáde lára ẹ̀rọ, bí mo ṣe ń ṣe nìyẹn fún ọdún púpọ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tó mọ ìṣẹ́, ẹni tó di máíkì mú ò sì ní àyè àtironú.

Ẹ kà á sétí àgbàlagbà kan kí ọjọ́ tó pé. Bí kò bá sí àgbà nítòsí, ẹ gba ohùn yín sórí WhatsApp, kí ẹ fi ránṣẹ́ sílé, kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì. Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ tẹ̀: ọ̀kan fún ẹni tó máa kà á, èkejì fún oníṣẹ́ náà fúnra rẹ̀.